Lẹ́tà Tó Wà Nínú Àpótí Irinṣẹ́ Mi

Nílùú wa lókè Èkìtì, odò tó tóbi jù kì í kọjá orúnkún. Bí òjò bá rọ̀ títí, ó lè dé itan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo dé etí omi Ìpakòdò ní Ìkòròdú, tí wọ́n ní orí alagbalúgbú omi yẹn ni màá gbà dé Ẹ̀pẹ́, mo bi ọkùnrin tó dúró tì mí pé, "Níbo ló parí sí?" Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ará òkè ni ọ́, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ tí mo jẹ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Lọ́dún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, wọ́n sì ń wá káfíńtà lójú méjèèjì. Èmi ti ka ìwé mẹ́fà, mo ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, mi ò sì tíì láya. Kí ni mo tún ń dúró ṣe nílé?

Ọkọ̀ kékeré kan ló máa gbé wa dé ìdí ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó, mo gbá àpótí irinṣẹ́ mi mọ́ra. Ni ọkọ̀ kékeré mìíràn bá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá àgbàlagbà kan sì wà nínú rẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja tó ti tà tán. Ó kí wa pé a kú ìrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í kíni kí ọmọdé jókòó tẹtẹrẹ dá a lóhùn. Mo gbé àpótí sílẹ̀, mo dìde, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀.

Ìgbà tí mo máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi ti wọ imú mi. Atukọ̀ ló fi aṣọ mi fà mí jáde. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń bú mi pé mo fẹ́ pa wọ́n. Ìyá yẹn ni kò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ àbíire! Àwọn tó bí ọ tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí omi, orí la fi ń kí àgbà, a kì í fi àyà kí i. Ta ni o ní ní Ẹ̀pẹ́?"

Mo ní, "Mi ò lẹ́nì kankan, mà."

Ó ní, "O ti ní èmi."

Ìyá Múfú nìyẹn. Ilé rẹ̀ ni mo wọ̀ sí, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí etí omi, yàrá tó sì fún mi jẹ́ yàrá Múfú ọmọ rẹ̀, tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní èbúté Tàkóràdí. Ilẹ̀ yẹn ò tíì máa jẹ́ Gáná nígbà náà, Gòólù Kóòsì là ń pè é.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Yorùbá ò lè dé ìlú Yorùbá kó di àlejò. Mo di àlejò tán pátápátá. Bí wọ́n bá sọ èdè wọn kíákíá, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Bí èmi náà bá la ẹnu tèmi, wọ́n á fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ẹja láàárọ̀, ẹja lọ́sàn-án, ẹja lálẹ́! Mo fẹ́ràn ẹja, ṣùgbọ́n iyán ni ọmọ Èkìtì fi ń mọ̀ pé òun jẹun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n óò fi ayùn sílẹ̀, tí n óò kọjú sí ìhà òkè, bẹ́ẹ̀ kò sí òkè kankan tí mo lè rí. Àárò ilé pọ́n mi lójú débi tí ara mi ń gbóná láìsí ibà.

Ìyá Múfú rí i. Lọ́jọ́ kan tó ti ọjà Èjìnrìn dé, ó ra iṣu bọ̀, ó gún iyán fún mi. Kókó inú iyán yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó dúró tì mí, ó ń wojú mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sunkún níwájú rẹ̀ láìtijú. Títí dòní, bí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo máa ń rántí iyán kókó yẹn.

Mùsùlùmí ni gbogbo ilé náà. Èmi nìkan ni ọmọ ìjọ. Síbẹ̀, bí mo bá sùn gbàgbé lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Múfú ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi. "Ará Òkè! Agogo yín ti ń lù o! Ẹni tí kì í kí Ọlọ́run rẹ̀, ṣé èmi ló máa bá a kí i ni?" Ìjọ wa ò pọ̀, àwọn tó lè ka Bíbélì já geere nínú wa ò ju mẹ́ta lọ. Bí wọ́n ṣe fi mí sí ara àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ nìyẹn. Tábìlì tí a ń gbé Bíbélì lé, èmi ni mo kàn án, mi ò sì gba nǹkan kan. Inú mi dùn sí i ju gbogbo bẹ́ǹṣì ilé-ìwé lọ.

Lẹ́tà ni mo fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò mọ̀wé. Kátíkíìsì ìjọ wa nílé ló ń ka tèmi fún un, òun náà ló ń bá a kọ èsì. Nínú èsì kan, ó kọ ọ́ pé, "Ìyá rẹ ní kí n ka gbólóhùn tí o fi sọ pé ara rẹ le lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kà á. Ó ní ṣé mi ò fi kún un." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá dúró sáàárín òun àti ọmọ òun.

Nígbà tí wọ́n mọ̀ ní àdúgbò pé mo lè kàwé, èmi náà di kátíkíìsì àwọn Mùsùlùmí. Lẹ́tà láti Èkó, láti Sàpẹ́lẹ̀, láti ibi gbogbo, wọ́n á gbé e wá sídìí iṣẹ́ mi. Mo mọ ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó bímọ, ẹni tó ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ilẹ̀. Mo kọ́ láti ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kí n sì pa ẹnu mi mọ́.

Ilé tí mo wà gan-an ni lẹ́tà kì í wá sí.

Múfú ní ìyàwó kan, Sàfúrà ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan péré ni wọ́n fi jọ gbé kó tó lọ sí Tàkóràdí. Lẹ́tà rẹ̀ ń wá dáadáa ní ọdún méjì àkọ́kọ́, kí n tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti dákẹ́. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, àwọn mìíràn ní ó ti kú, wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀.

Sàfúrà ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ibi tí mo ti ń rẹ́ pákó ò jìnnà síbẹ̀. Kí n má parọ́, èmi ni mo gbé pákó súnmọ́ ibẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Ará Òkè, ṣé àwọn obìnrin yín lókè náà máa ń rẹ́rìn-ín, àbí gbogbo yín lẹ máa ń lejú báyìí?" Èmi, tí mo máa ń ní èsì lẹ́nu fún gbogbo èèyàn, n óò kàn máa wo ayùn mi. Orí ẹja àrọ̀ tó tóbi jù, ó máa ń fi pamọ́ fún mi. Tẹ́lẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é nítorí pé ìyàwó ilé ni. Ó di ọjọ́ kan mo gbọ́ tí mo pè é ní "ìwọ," kò sì bá mi wí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ti dàgbà ju ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bò lọ. Kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. N óò ka ìtàn Jósẹ́fù nílé ọ̀gá rẹ̀, n óò dìde, n óò rìn lọ sí etí omi títí ara mi á fi balẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí Iléyá ò jìnnà mọ́, Sàfúrà jókòó sórí pákó mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Àwọn bàbá mi ti wá bá Ìyá sọ̀rọ̀. Bí Iléyá bá kọjá tí a ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á mú mi kúrò nílé yìí. Ìyá náà ti gbà, ó ní òun ò lè so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí." Ó wá wò mí. "Ṣé o máa padà sókè tí iṣẹ́ bẹ́ǹṣì bá parí?"

Mo ní, "Ó lè jẹ́ pé mi ò ní padà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde lọ sídìí ẹja rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tí mo ní láti ṣe mọ́. Kí n sáà mú sùúrù, kí Iléyá kọjá. N kò ní já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, n kò ní gba aya aláya. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn pé ó fi ọ̀nà mímọ́ hàn mí. Hẹ̀n-ẹ́n, èmi ọlọ́gbọ́n!

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ìyá Múfú wà lọ́jà, èmi sì lọ gba pákó létí omi. Ọkùnrin kan nawọ́ sí mi láti inú ọkọ̀ tí wọn ò tilẹ̀ so mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ṣé ìwọ ni Ará Òkè tó ń kàwé nílé Ìyá Múfú?" Mo ní èmi ni. Ó fa lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́. "Láti Tàkóràdí ni. Mi ò lè dúró, Èjìnrìn là ń lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a bá ń padà, màá gba èsì níbí." Ọkọ̀ wọn lọ.

Kò sí ẹni tó rí wa. Mo ya lẹ́tà náà níbẹ̀, mo ní ṣebí iṣẹ́ mi ni.

Akọ̀wé kan ló kọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ohùn Múfú ni. Ó ní igi gẹdú yí lu ẹsẹ̀ òun ní èbúté, wọ́n gé e ní orúnkún. Ó ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun kọ̀wé, pé gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ kọ ọ́ ni òun máa ń rò ó pé ta ló fẹ́ fi arọ ṣe ọkọ. Òun ò fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní, "Sàfúrà, bí o bá ṣì fẹ́ mi, fi èsì rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, màá wọ ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá mọ̀ pé o ti kọ̀ mí. Mi ò ní bínú. Mi ò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ Múfú. Mo rí i pé ayé èèyàn mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní láti parọ́ kan ṣoṣo. Kí n sáà dákẹ́ títí ọjọ́ Ìṣẹ́gun á fi kọjá.

Mo fi lẹ́tà náà sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ rándà tí mo fi ń fági.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ṣí Bíbélì, mo ń wá ibi tó máa gbè mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wá a bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Mo ka ti àwọn baba ńlá tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀. Mo ka ibi tí wọ́n ti ní kò dára kí ọkùnrin nìkan máa gbé. Mo ní àánú ni mò ń ṣe, ta ló fẹ́ kí ọ̀dọ́bìnrin máa tọ́jú arọ títí ayé? Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró ni pé mo rántí aginjù, níbi tí Èṣù ti dán Jésù wò. Èṣù náà mọ Bíbélì sórí. Ó kà á lọ́jọ́ yẹn, ó kà á dáadáa, bí èmi náà ṣe ń kà á yìí. Mo pa ìwé dé kíá.

Sàfúrà gbé orí ẹja wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ṣé ara rẹ ò yá?" Mo ní oòrùn ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Múfú kan ilẹ̀kùn mi bó ṣe máa ń ṣe. "Ará Òkè! Agogo!" Èmi ni wọ́n yàn láti kàwé lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí wọ́n ṣí fún mi ni Sáàmù tó ń béèrè pé ta ni yóò máa bá Ọlọ́run gbé. Mo ń kà á lọ bí mo ṣe máa ń kà á. Mo dé ibi tó ti ní ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni, ẹni tó sọ̀rọ̀ tán, tí ọ̀rọ̀ náà wá fẹ́ pa á lára, síbẹ̀ tí kò yí i padà.

Mo gbójú sókè. Ìyá kan jókòó níwájú, ó la ẹnu díẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Bàbá kan ti di etí rẹ̀ kan mú, ó ń tẹ ara síwájú. Wọn ò lè kàwé. Ohun tí mo bá ní Ọlọ́run sọ, òun ni wọ́n máa gbé lọ sílé. Bí mo bá fo ìlà kan, wọn ò ní mọ̀ láéláé. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti fo ìdajì ọ̀rọ̀ kan. Mo wá rí ìyá mi lókè lọ́hùn-ún, bó ṣe jókòó níwájú kátíkíìsì, tó ń bi í pé ṣé kò fi kún un. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn èèyàn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi.

Mi ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Mo jáde, mò ń lọ sílé, mò ń ka ẹsẹ̀ Bíbélì kan yẹn bí ẹni ń ka orúkọ ẹni tó fẹ́ gbàgbé. Ní gbogbo ojúlé tí mo kọjá, nǹkan kan ń sọ fún mi pé, "Dúró di ọ̀la, ọ̀la ò tíì pẹ́." Mo tún un kà. Mi ò lágbára mìíràn, kí ẹ mọ̀. Bí kì í bá ṣe pé mo ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, ǹ bá ti yà sí etí omi.

Ìyá Múfú àti Sàfúrà wà lẹ́yìn ilé. Mo mú lẹ́tà jáde lábẹ́ rándà. Mo ní, "Ìyá, ẹ wá jókòó. Ìyàwó, ẹ̀yin náà ẹ wá. Múfú kọ̀wé."

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi ẹsẹ̀, Ìyá Múfú kígbe. Nígbà tí mo kà á tán, ó forí kanlẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń pariwo "Àlùhámúdùlílàhì," ó dìde, ó dì mọ́ mi. "Ọmọ mi wà láàyè! Ará Òkè, ẹnu rẹ ò ní kan láéláé!" Ó sáré jáde lọ sọ fún àwọn ará ilé kejì.

Sàfúrà ní, "Tún ibi ẹsẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Omi bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Òmùgọ̀ ọkùnrin! Ọdún méjì! Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ ni?"

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí àyè kankan fún mi níbẹ̀, kò tilẹ̀ fìgbà kan sí. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Ó nu ojú rẹ̀. "Ta ló mú un wá? Ìgbà wo ló dé?"

Mo lè sọ pé òwúrọ̀ yẹn ni. Mo ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ ni."

Ó wò mí. Kò bi mí pé kí ló dé. Obìnrin ni, ó mọ̀. Mo ní, "Ẹ foríjì mí. Mo fẹ́ dákẹ́ ni. Ọlọ́run ni kò gbà fún mi."

Ó wọlé lọ. Mo rò pé ó lọ pe Ìyá Múfú kí wọ́n lé mi jáde, mo sì ti ń ronú ibi tí n óò gbé àpótí mi sí. Ìwé àti bírò ló mú bọ̀. "Jókòó. Kọ ọ́ pé òmùgọ̀ ni. Kọ ọ́ pé kó máa bọ̀." Mo kọ ọ́. Ó ń sọ, mò ń kọ, bébà kún. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ sí i pé olóòótọ́ ni Ará Òkè tó kà á fún mi."

Mo gbé bírò sílẹ̀. "Ìyẹn, mi ò lè kọ ọ́."

"Ṣé o kà á fún mi àbí o ò kà á?"

"Mo kà á."

"Ó dára. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ létí omi.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá pé ni Múfú dé. Gbogbo àdúgbò ló lọ pàdé rẹ̀. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá dúró, ìyá rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan mú, Sàfúrà di èkejì mú. Ó ń wò káàkiri. "Níbo ni Ará Òkè wà nínú yín?" Wọ́n tì mí síwájú. Orí ilẹ̀ ni mo wà lọ́tẹ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fi ọwọ́ tí kò fi di ọ̀pá mú gbé mi dìde, kò sì fi mí sílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kà á fún mi ní Tàkóràdí pé olóòótọ́ ni ọ́."

Mo wo Sàfúrà. Omi ló ń wò.

Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òótọ́ sísọ ni, ẹ̀gbọ́n."